Rírà Kún Ṣíà Tí Ó Ń Já Wálẹ̀

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàrin àwọn tí ń ra ṣíà ní ilẹ̀ wa, yálà ní Èkó tí ọjà wà, tàbí ní Iléṣà àti Ìmẹ̀sí-Ilé níbi tí àwọn olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì àti àwọn oníṣòwò kòkó ti ń fi owó tí wọ́n fi ọjọ́ ayé wọn kó jọ dókòwò, kò sí èyí tí ó dùn létí tó ọ̀rọ̀ rírà kún ohun tí ó ń já wálẹ̀, kò sì sí èyí tí ó tíì fọ́ àpò tó o. Ẹnì kan ra ṣíà ní ₦50. Kò pẹ́, kò jìnnà, ó di ₦30. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, ṣùgbọ́n ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó ní bí òun bá tún ra iye kan náà ní ₦30 yìí, tí òun pa owó méjèèjì pọ̀ tí òun sì pín in dọ́gba, ₦40 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ fún òun, nítorí náà kò tún di dandan kí ọjà padà sí ₦50 kí òun tó rí owó òun gbà. Ìṣirò náà tọ́. Ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe é. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni bóyá ìṣirò náà sọ ohun tí ẹni tí ó ṣe é rò pé ó sọ.

Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Èkó nìkan ni èyí kò mọ Ìjẹ̀ṣà. Ìjẹ̀ṣà Òṣèré, onílé obì, ọmọ Ọbokun, tí àwọn òṣómàáló rẹ̀ ru ẹrù aṣọ la gbogbo ilẹ̀ Yorùbá já, tí wọ́n ń tà á láwìn tí wọ́n sì ń lóṣòó ní ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí owó fi bọ́ sí wọn lọ́wọ́, kì í ṣe ẹni tí ẹ̀rù ń bà láti gbé owó lé òwò. Ní Iléṣà gan-an ni Olóyè Lawrence Ọmọlé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá ilé iṣẹ́ ọtí International Breweries sílẹ̀ ní 1971, tí ọtí bẹ̀rẹ̀ sí jáde níbẹ̀ ní 1978, tí ṣíà rẹ̀ sì bọ́ sí ọjà ní 1995. A ó padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí n kò mọ ilé iṣẹ́ mìíràn tí ìtàn rẹ̀ tú ìdí ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ tó o.

Ṣùgbọ́n kí a tó dé Iléṣà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yà sí Ìmẹ̀sí-Ilé, ìlú Ọwá-Ọọ̀yè, ìlú olókè tí ìró ìbọn ogun Kíríjì dún létí rẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Ní 1956, dókítà òyìnbó kan tí ń jẹ́ David Morley dé sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Láti 1957 ni òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sì ti ń tọ ipa àwọn ọmọ tí a bí ní Ìmẹ̀sí-Ilé, láti mọ ohun tí ó ń pa wọ́n kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún 5. Ibẹ̀ ni káàdì kan ti jáde, tí ìyá ọmọ fúnra rẹ̀ ń tọ́jú pamọ́ sílé, tí a sì ń fi àmì ìwọ̀n ọmọ sí nígbàkígbà tí wọ́n bá gbé e wá, tí àmì dé àmì fi di ìlà. Ìlà tí ó ń gòkè, ara ọmọ le; èyí tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, kí a lajú sílẹ̀; èyí tí ó ń sọ̀kalẹ̀, ewu dé. Káàdì yìí kò dúró ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Ó rìn ká ayé, títí tí àwọn ìyá tí kò gbọ́ orúkọ Ìjẹ̀ṣà rí fi ń lo irú rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí òǹkàwé ṣàkíyèsí níbẹ̀ ni ohun tí nọ́ọ̀sì tí ó mọṣẹ́ ń ṣe nígbà tí ó bá rí ìlà tí ó ń sọ̀kalẹ̀. Kì í sáré sọ pé kí ìyá lọ bu oúnjẹ kún oúnjẹ. Ìdí ni ó kọ́kọ́ ń béèrè. Ṣé ibà ni, àbí éèyi? Ṣé ikọ́ àwúbì ni, tí ọmọ fi ń bì gbogbo ohun tí ó bá jẹ? Àbí wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú kíá nítorí oyún mìíràn? Oúnjẹ a máa gba ẹni tí ebi ń pa là. Ẹni tí àrùn mìíràn ń jẹ láti inú, bí a bá da agbada oúnjẹ síwájú rẹ̀, ìlà rẹ̀ yóò ṣì máa sọ̀kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìlà ṣíà tí ó ń já wálẹ̀, owó tí a fẹ́ fi rà kún un sì ni oúnjẹ náà.

Ìṣòro tí ó wà nínú iye tí a pín dọ́gba yẹn ni pé inú ìwé ẹni tí ó rà á nìkan ni ó wà. Ọjà kò mọ̀ ọ́n rárá. Ẹni tí ó ra tirẹ̀ ní ₦50 àti ẹni tí ó ra tirẹ̀ ní ₦5, ṣíà kan náà ni ó wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, èrè kan náà ni ilé iṣẹ́ yóò pín fún wọn lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, iye kan náà ni wọn yóò sì tà á bí wọ́n bá ní kí búrókà bá wọn tà á lọ́la. Nígbà tí a bá rà kún un tí iye náà fi ti ₦50 wá sí ₦40, àdánù tí a ti ṣe kò fi kọ́bọ̀ kan dín. Ohun tí ó yí padà ni pé owó tí ó wà nínú ewu ti pọ̀ sí i. Ìṣirò kejì sì wà tí a kì í fẹ́ ṣe, bóyá nítorí pé kò dùn ún ṣe: ohun tí ó bá já wálẹ̀ ní ìdajì gbọ́dọ̀ di ìlọ́po méjì kí ó tó padà sí ibi tí ó ti kúrò, èyí tí ó bá sì sọ ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá nù gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́wàá.

Ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Síbẹ̀, láàrin 2004 sí 2008, ọjà ṣíà Nàìjíríà ṣe bí ẹni pé òun yóò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ní oṣù July 2004, Charles Soludo, gómìnà Báńkì Àpapọ̀, pàṣẹ pé kí owó ìpìlẹ̀ báńkì kọ̀ọ̀kan kúrò ní ₦2 bílíọ̀nù, kí ó di ₦25 bílíọ̀nù kí ọdún 2005 tó parí. Báńkì 89 tí ó wà nígbà náà dara pọ̀ mọ́ra wọn títí wọ́n fi ku 25, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jáde sí gbangba láti ta ṣíà fún ará ìlú. Fọ́ọ̀mù kún gbọ̀ngàn báńkì. Olùkọ́ yá owó alájẹṣẹ́kù, àgbà ọkùnrin ta ilẹ̀ tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀, àwọn báńkì sì tún ń yá ènìyàn lówó láti fi ra ṣíà, nígbà mìíràn ṣíà báńkì kan náà tí ó yá a lówó. Òǹkà tí a fi ń wọn gbogbo ọjà, tí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí 100 ní January 1984, ga dé 66,371 ní ọjọ́ 5 oṣù March 2008. Lẹ́yìn náà ni ó yíjú padà, nígbà tí yóò sì fi pé ọdún kan ó lé díẹ̀, ní ìparí March 2009, kò tó 20,000 mọ́.

Ìsọ̀kalẹ̀ yẹn ni ilé-ìwé tí ọ̀pọ̀ ará ilẹ̀ wa ti kọ́ rírà kún. Nígbà tí òǹkà fi 66,000 sílẹ̀ tí ó di 55,000, wọ́n ní ọjà ń sinmi díẹ̀ ni, wọ́n rà kún un. Nígbà tí ó di 50,000, wọ́n ní àǹfààní ńlá dé, wọ́n rà kún un. Nígbà tí ó di 40,000, owó ti tán lọ́wọ́ wọn. Ní oṣù August 2008, àwọn aláṣẹ ọjà pàṣẹ pé ṣíà kankan kò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lóòjọ́, bí ó tilẹ̀ lè gòkè dé ìdá 5. Àṣẹ yìí kò ju nǹkan bí oṣù méjì lọ kí wọ́n tó yí i padà, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe kò kéré, nítorí ẹni tí ó fẹ́ tà kò rí ẹni tí yóò rà, ẹni tí kò mọ ohun tí ó ń lọ sì ń wo ṣíà rẹ̀ tí ó ń rọra wálẹ̀ ní kọ́bọ̀ kọ́bọ̀, ó ń rò pé ó ti fẹ́ dúró. Àwọn tí ó fi owó ẹyáwó ṣe é ni tiwọn burú jù. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o: báńkì ń béèrè owó rẹ̀ ní àkókò gan-an tí ṣíà kò ṣeé tà, èlé sì ń gorí èlé.

Nígbà náà ni a tó mọ ìlà tí ibà mú sọ̀kalẹ̀ yàtọ̀ sí ìlà tí àrùn ikú mú sọ̀kalẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù August 2009, Sanusi Lamido Sanusi, tí ó ti gba ipò lọ́wọ́ Soludo, yọ àwọn ọ̀gá àgbà báńkì márùn-ún nípò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: Afribank, FinBank, Intercontinental, Oceanic àti Union Bank. Ní ọjọ́ 5 oṣù August 2011, Afribank, Bank PHB àti Spring Bank sùn ní báńkì oníṣíà, wọ́n jí ní ohun ìní ìjọba, wọ́n sì fún wọn ní orúkọ tuntun, Mainstreet, Keystone àti Enterprise. Àwọn tí ó ní ṣíà níbẹ̀ kò rí kọ́bọ̀ gbà. Ní ọjọ́ 21 oṣù September 2018, ohun kan náà ṣẹlẹ̀ sí Skye Bank, tí ó di Polaris. Ẹni tí ó ti fi ọdún mẹ́ta rà kún ṣíà Afribank, tí ó fi ọgbọ́n àti sùúrù fa iye tí ó rà á wálẹ̀ títí, òdo ni ó bá pàdé ní ìsàlẹ̀, kò sì sí bí a ṣe lè pín owó kí ó fi dọ́gba pẹ̀lú òdo. Bẹ́ẹ̀ ni báńkì Zenith àti GTB náà já wálẹ̀ ní àwọn oṣù kan náà, tí ìlà wọn sì jọ ti àwọn tí ó kú bí ìbejì ṣe ń jọra. Wọn kò kú, wọ́n gbérí, wọ́n sì ń pín èrè fún àwọn oníṣíà wọn títí di òní. Ẹni tí ó rà kún àwọn yẹn kò ṣe àṣìṣe. A kì í dá ẹsẹ̀ aṣiwèrè mọ̀ lójú ọ̀nà, a kò sì lè fi ojú lásán wo iye ṣíà kí a mọ èyí tí yóò yè nínú méjì.

Wọn a ní, ìwé ìṣirò ilé iṣẹ́ ni kí a kà. Òótọ́ ni, kí a kà á. Ṣùgbọ́n àwọn báńkì tí mo dárúkọ wọ̀nyẹn ní ìwé ìṣirò tí àwọn ayẹ̀wéwò fọwọ́ sí. Ní 2006 ni Cadbury Nàìjíríà náà jẹ́wọ́ pé ìṣirò tí òun ti ń gbé jáde láti ọdún mélòó kan ti wú ju bí ó ti yẹ lọ. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tí ó bá rí i pé iye ṣíà kan ń wálẹ̀ láìdúró nígbà tí ìwé ìṣirò rẹ̀ ń kọrin èrè, kí ó rò ó pé ó ṣeé ṣe kí àwọn tí ń tà mọ ohun tí òun kò mọ̀.

Ó tún wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ẹ̀tàn kan tí ó jẹ́ ti ọjà Nàìjíríà, tí ó yẹ kí a ṣe ìrántí rẹ̀. Fún ọdún púpọ̀, òfin ọjà kò gbà pé kí ṣíà wálẹ̀ ju iye ìpìlẹ̀ tí a kọ sí orí ìwé rẹ̀ lọ, èyí tí ó jẹ́ 50 kọ́bọ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀. Nítorí náà, ọ̀wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò àti irú wọn dúró sórí 50 kọ́bọ̀ lọ́dọọdún, àwọn ènìyàn sì ń sọ pé ẹni tí ó wà nílẹ̀ kò bẹ̀rù ìṣubú mọ́, wọ́n ń rà á ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ohun tí wọn kò béèrè ni ìdí tí kò fi sí ẹni tí ń bá wọn rà á padà. Nígbà tí a yí òfin náà padà ní ìbẹ̀rẹ̀ 2018, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ṣíà wọ̀nyí gba ilẹ̀ tí a rò pé wọ́n dúró lé lọ sísàlẹ̀.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sí Iléṣà. Ilé iṣẹ́ ọtí tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan bọ́ sí ọwọ́ SABMiller, ilé iṣẹ́ ọtí láti òkè òkun, ní 2012, nígbà tí AB InBev sì ra SABMiller ní 2016, ó bọ́ sí tirẹ̀. Wọ́n da ilé iṣẹ́ ọtí ti Onítshà àti ti Port Harcourt pọ̀ mọ́ ti Iléṣà, wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ ńlá kan sí Ṣágámù ní 2018, gbèsè dọ́là ńlá sì gun gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn. Ọtí Trophy tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kò ṣe aláìtà. Gbogbo ẹni tí ó bá rìn láti Òṣogbo dé Iléṣà yóò jẹ́rìí. Gbèsè ni ó ń jẹ ilé iṣẹ́ náà nígbà náà, pẹ̀lú náírà tí ó ń fọ́, nítorí náírà ni a fi ń ta ọtí, dọ́là ni a sì fi ń san gbèsè. Ṣíà rẹ̀ ju ₦50 lọ ní ìparí 2017. Ní ìparí 2018, ó tó nǹkan bí ₦30. Ní ìparí 2019, kò tó ₦10.

Ẹ fi ojú inú wo ẹnì kan, ará Ìmẹ̀sí-Ilé tí ń gbé ní Iléṣà, tí ó ra ẹgbẹ̀rún kan ní ₦50, ẹgbẹ̀rún kan ní ₦30, àti ẹgbẹ̀rún kan ní ₦10. Ó ti ná ₦90,000, iye tí ó rà á sì ti di ₦30 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí 2019 ń fi àyè sílẹ̀ fún 2020, ilé iṣẹ́ náà ní kí àwọn oníṣíà rẹ̀ wá ra ṣíà tuntun ní ₦9, 17 fún ẹni tí ó bá ní 8. Ọkùnrin wa gba gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀, ó ra 6,375, ó san ₦57,375. Gbogbo ohun tí ó ná di ₦147,375 lórí ṣíà 9,375, iye tí ó rà á sì wálẹ̀ dé ₦15.72. Ó ń yọ̀, nítorí láti ₦50 ni ó ti ń bọ̀. Ọjà sì gbé e lọ sí nǹkan bí ₦5, ó dúró síbẹ̀ ní ọdún 2020, 2021, 2022, àti 2023 tí náírà tún fọ́ yángá ní oṣù June. Ohun tí ó ní kò ju ₦46,875 lọ. Ó ti pàdánù ₦100,500. Bí ó bá jẹ́ pé ẹgbẹ̀rún kan àkọ́kọ́ nìkan ni ó rà tí ó sì pa ojú mọ́, ₦45,000 ni ìbá pàdánù. Iye tí a pín dọ́gba ń wálẹ̀, àdánù ń gòkè, nínú ìwé kan náà.

Ìtàn náà kò parí síbẹ̀, n kò sì gbọdọ̀ fi ìyókù pamọ́ nítorí pé kò bá ọ̀rọ̀ mi lọ tààrà. Ní 2024, ilé iṣẹ́ náà tún pè wọ́n láti kó ₦588 bílíọ̀nù jọ, ní ₦3.65 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, 6 fún ẹni tí ó bá ní 1, kí ó lè fi san gbèsè tí ń pa á. Ní 2025, èrè tún bẹ̀rẹ̀ sí wọlé, ṣíà náà sì gun orí ₦10 kọjá. Bí ọkùnrin wa bá gba ẹ̀tọ́ yìí náà tán pátápátá, ó san ₦205,312.50 fún ṣíà 56,250. Ó wá ní 65,625, ó ti ná ₦352,687.50, nígbà tí ọjà sì dé ₦10, ó ní ₦656,250. Ó jèrè! Bí a bá bi í léèrè, yóò sọ pé rírà kún ni ó gba òun. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ya àwọn rírà náà sọ́tọ̀. Ṣíà 9,375 ti ìṣáájú, tí ó ná an ní ₦147,375, ₦93,750 ni ó tó ní ₦10. Ó ṣì pàdánù ₦53,625 lórí wọn. Èyí tí ó rà ní 2024 nìkan ni ó jèrè, ₦357,187.50 gbáko. Rírà ti 2024 yìí dára nítorí pé owó tí ó wọlé lọ́dún náà ni a fi pa gbèsè tí ó jẹ́ àrùn. Ẹni tí kò ní ṣíà ilé iṣẹ́ náà rí, tí ó ra tirẹ̀ lọ́jà lọ́dún yẹn, kò nílò àdánù ọdún mẹ́fà kí ó tó rí irú èrè bẹ́ẹ̀. Mélòó nínú àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ₦50 ni owó ṣì kù lọ́wọ́ wọn ní 2024 láti ra ìlọ́po mẹ́fà ohun tí wọ́n ní? Náírà tí ó ti fọ́ sì ni èrè náà: dọ́là kan tí ó tó ₦360 nígbà tí ọkùnrin wa kọ́kọ́ rà á ti di nǹkan bí ₦1,500 ní 2025.

Àwọn ọ̀mọ̀wé òkè òkun ti wo ọ̀rọ̀ yìí láti ìhà ọkàn ènìyàn. Ní 1979, Daniel Kahneman àti Amos Tversky fi hàn pé àdánù a máa ro ènìyàn lára ju bí èrè tí ó tó o ṣe ń dùn mọ́ ọn lọ, àti pé ẹni tí ó ti wà nínú àdánù a máa tẹ́wọ́ gba ewu tí kò ní gbà bí ó bá wà nínú èrè. Ní 1998, Terrance Odean yẹ ìwé oníbàárà 10,000 wò lọ́dọ̀ búrókà kan ní Amẹ́ríkà, ó rí i pé èyí tí ó ti jèrè ni wọ́n ń yára tà, èyí tí ó ti já wálẹ̀ ni wọ́n ń dì mú tí wọ́n sì ń rà kún. Bẹ́ẹ̀ sì ni èyí tí wọ́n tà, lọ́dún tí ó tẹ̀ lé e, ṣe dáadáa ju èyí tí wọ́n dì mú lọ. Kò yà mí lẹ́nu. Ẹni tí ó bá tà á ti gbà pé òun ṣì í, ẹni tí ó bá rà kún un ti sún ìjẹ́wọ́ náà síwájú, búrókà sì ń gba owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ méjèèjì.

Nínú àwọn tí ọwọ́ wọn wà nínú iṣẹ́ ṣíà, ohùn kò ṣọ̀kan. Benjamin Graham, tí ìwé rẹ̀ fún àwọn olùdókòwò jáde ní 1949, kọ́ni pé kí a máa yọ̀ nígbà tí ohun tí ó níye lórí bá wálẹ̀, kí a sì rà á. Ṣùgbọ́n òun náà ni ó kọ́ni pé kí a kọ́kọ́ wọn iye ohun náà láìwo ẹnu ọjà, èyí tí àwọn tí ń pe orúkọ rẹ̀ máa ń fò dá. Bill Miller tẹ̀ lé ọ̀nà yìí ní Amẹ́ríkà, àpò owó tí ó ń tọ́jú sì borí òǹkà ọjà fún ọdún 15 léraléra, láti 1991 dé 2005. Nígbà tí ọ̀ràn 2008 dé, ó rà kún Bear Stearns, AIG àti irú wọn bí wọ́n ti ń já, lọ́dún kan ṣoṣo sì ni àpò náà sọ nǹkan bí ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún nù. Ti Nick Leeson burú ju èyí lọ: ní Singapore ni ó jókòó sí, tí ó ń tẹ́ owó lé ọjà Japan, bí ó bá pàdánù a fi kún un, ilẹ̀ sì mì ní Kobe ní January 1995, nígbà tí yóò fi di ìparí February, Barings, báńkì tí ó ń bá ṣiṣẹ́, tí wọ́n ti dá sílẹ̀ láti 1762, ti wó lórí àdánù £827 mílíọ̀nù.

Mo gbọ́dọ̀ ya àwọn tí ń fi owó kékeré lé gbogbo ọjà lóṣooṣù sọ́tọ̀, yálà ọjà ń gòkè tàbí ó ń sọ̀kalẹ̀. Èyí yàtọ̀. Ilé iṣẹ́ kan lè kú, gbogbo ọjà ṣọ̀wọ́n láti kú. Hendrik Bessembinder ka nǹkan bí 26,000 ṣíà tí ó ti kọjá ní ọjà Amẹ́ríkà láti 1926 dé 2016, ó sì rí i pé ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún ilé iṣẹ́ ni ó dá gbogbo ọrọ̀ tí ọjà náà fi ju owó ìjọba lásán lọ. Ìyókù, bí a bá pa wọ́n pọ̀, wọn kò ju títọ́jú owó sí ọwọ́ ìjọba lọ. Ẹni tí ó ní gbogbo ọjà ní ìdá 4 náà nínú. Ẹni tí ó dì mọ́ ilé iṣẹ́ kan tí ó ń já wálẹ̀, kí ó mọ iye tí ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Síbẹ̀, kí a má tan ara wa: pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba, ṣùgbọ́n ó lè pẹ́ ju bí baba yóò ti dúró gbọ́ lọ. Òǹkà ọjà Japan tí ó ga dé 38,915 ní ìparí 1989 kò padà síbẹ̀ títí di February 2024. Ti Nàìjíríà tí ó dé 66,371 ní 2008 kò kọjá ibẹ̀ títí di 2023, ní náírà tí kò tó ìdá kan nínú márùn-ún ti tẹ́lẹ̀ ní dọ́là.

Lójú tèmi, ìbéèrè tí ó yẹ kí ẹni tí ó fẹ́ rà kún bi ara rẹ̀ kò ju pé: bí n kò bá ní ọ̀kan nínú ṣíà yìí, tí mo kàn rí i lọ́jà lónìí ní iye yìí, ṣé n ó rà á, èló ni n ó sì rà? Bí ó bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, tí ó mọ àrùn tí ó mú ìlà wálẹ̀, tí ó sì rí oògùn rẹ̀, kí ó rà á. Bí ó bá jẹ́ nítorí ₦50 tí ó wà nínú ìwé rẹ̀ ni, kí ó fi owó náà sílé.

Ìdáhùn "èló" yẹn sì le ní Ìjẹ̀ṣà ju ibòmíràn lọ. Ẹ wo ẹni tí ó ní ilé méjì ní Iléṣà tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ọtí háyà, tí ìyàwó rẹ̀ ń ta Trophy ní kéèsì kéèsì ní ìsọ̀, tí ọmọ rẹ̀ sì ń wa ọkọ̀ tí ń kó ọtí lọ sí Òṣogbo. Ọdún tí nǹkan bá le fún ilé iṣẹ́ náà, owó ilé yóò dúró, ìsọ̀ yóò dákẹ́, ọkọ̀ yóò sì jókòó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà tí ṣíà ń já wálẹ̀. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ rà kún un, nígbà tí ó bá ń ṣírò iye owó rẹ̀ tí ó wà nínú ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo, kí ó ka ilé méjèèjì, ìsọ̀ àti ọkọ̀ náà mọ́ ọn.